Bẹ́ ẹ ṣe máa fẹsẹ̀ rin Camino láti Sarria dé Santiago

Látìgbà témi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti dé láti Spéìn lóṣù karùn-ún, kò sọ́sẹ̀ kan tẹ́nì kan ò ní bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ la fi rin Camino, ọ̀nà àwọn èrò mímọ́ yẹn, báwo la ṣe ṣe é, kí la jẹ, ibo la sùn. Mo ti ń dáhùn lórí fóònù láti ọjọ́ yìí, ìdí tí mo fi jókòó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹsẹ̀ ni, ó lé ní kìlómítà 110, ọjọ́ mẹ́fà la fi rìn ín. Ẹ̀gbọ́n mi ti pé ẹni ọdún 58, orúnkún ẹ̀ apá ọ̀tún sì máa ń dùn ún tí òtútù bá ti mú, síbẹ̀ ó rìn ín débẹ̀ láìwọ mọ́tò kankan. Èmi tí mo kéré sí i dáadáa ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú ọ̀nà, kì í ṣe pé agbára ò sí, bàtà ló dá a sílẹ̀. Torí ẹ̀ lẹ ṣe máa rí i pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹrù ni mo máa tẹnu mọ́ jù. Ẹni tó bá lè rìn lọ sọ́jà kó sì rìn bọ̀ lè rin ọ̀nà yìí, tó bá ti tọ́jú àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa tí ò sì gbé ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀nà ọ̀hún fún ẹni tí ò gbọ́ nípa ẹ̀ rí. Ọ̀nà tó lọ sí sàréè Jákọ́bù ọmọ Sébédè ni, àpọ́sítélì Jésù yẹn, tí ìtàn ìjọ sọ pé ó wà nílùú Santiago de Compostela, ní Galicia, apá àríwá ìwọ̀ oòrùn Spéìn. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún táwọn èrò mímọ́ ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ láti gbogbo Yúróòpù. Ọ̀nà tó débẹ̀ sì pọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí táwọn èèyàn mọ̀ jù ni Camino Francés, tó bẹ̀rẹ̀ ní Saint-Jean-Pied-de-Port lápá ilẹ̀ Faransé, tó gun òkè Pyrenees kọjá, tó sì tó nǹkan bíi kìlómítà 780, oṣù kan ó lé làwọn tó bá rìn ín tán máa ń lò. Àwa tá à ń ṣiṣẹ́, ibo la ti fẹ́ rí oṣù kan? Ohun tó wá jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún èèyàn ní Santiago, tí wọ́n ń pè ní Compostela, tẹ́ ẹ bá ti fẹsẹ̀ rin ó kéré tán kìlómítà 100 débẹ̀, ẹ máa rí i gbà. Tó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ lẹ gùn, 200 ni. Ìlú Sarria sì jìnnà sí Santiago tó nǹkan bíi kìlómítà 115, ló fi jẹ́ pé nínú ẹni mẹ́wàá tó ń gba ìwé yẹn, bíi mẹ́ta ló ń bẹ̀rẹ̀ ní Sarria. Lọ́dún 2024 nìkan, àwọn tó gbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500,000.

Àwọn tó ti lọ Jerúsálẹ́mù lára wa mọ bí tibẹ̀ ṣe rí, bọ́ọ̀sì á gbé yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbàdúrà, ẹ ya fọ́tò, ẹ tún wọlé padà. Ti Camino ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ lè rìn fún wákàtí méjì láìrí nǹkan míì ju igbó, màlúù àti ìyá àgbà kan tó ń kó ewébẹ̀ lóko, ẹ ò ní gbọ́ ju ìró bàtà yín lọ, àdúrà tẹ́ ẹ ti pa tì látọdún mélòó kan á wá máa jáde fúnra ẹ̀. A kì í ṣe Kátólíìkì, ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n bí wa sí, kò sì sẹ́ni tó bi wá léèrè lójú ọ̀nà.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Físà ló kọ́kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, físà Schengen, èyí tó wà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, lẹ máa gbà, lọ́wọ́ Spéìn gan-an, torí ibẹ̀ lẹ ti máa lo ọjọ́ tó pọ̀ jù. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé torí pé ẹ ń gbé London tẹ́ ẹ sì ní ìwé ìgbélùú, kò kàn yín. Ó kàn yín o, àfi tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù UK fúnra ẹ̀ lẹ ní lọ́wọ́. Owó ẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ yúrò 90 láti oṣù kẹfà 2024, ìwé inṣọ́ránsì tó bo ìtọ́jú ìṣègùn tó yúrò 30,000 sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn àjò, ẹ má dúró di ìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú ni ibi tí wọ́n ti ń béèrè ibi tẹ́ ẹ máa sùn lálaalẹ́, bẹ́ẹ̀ ilé èrò ìjọba tó wà lójú ọ̀nà Camino ò gba kéèyàn búùkù sílẹ̀. Ilé èrò aládàáni tó ṣeé kánsù láìsan owó la fi ṣe tiwa, a búùkù alẹ́ mẹ́fèèfà, a tẹ gbogbo ẹ̀ jáde, a fi sínú ìwé.

Àsìkò tó dáa jù ni oṣù karùn-ún, ìkẹfà, àti ìkẹsàn-án. Oṣù keje àti ìkẹjọ gbóná, èrò sì máa ń pọ̀ ju ibùsùn lọ, pàápàá láti bíi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú July 25 tó jẹ́ àjọ̀dún Jákọ́bù. Ọdún tí July 25 bá bọ́ sí ọjọ́ Sunday, ọdún mímọ́ ni wọ́n ń pè é, 2027 ló sì kàn, ẹni tó bá fẹ́ lọ lọ́dún náà, kó tètè búùkù. Ti òjò, Galicia ò ní àsìkò ìyẹn, òjò lè rọ̀ nígbàkigbà, ẹ mú rénkóòtù dání ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá kan bàtà, ẹ fara balẹ̀ síbí yìí.

Bàtà tẹ́ ẹ máa wọ̀ gbọ́dọ̀ fi sáìsì kan, ó kéré tán ààbọ̀ sáìsì, tóbi ju èyí tẹ́ ẹ máa ń wọ̀ lọ, torí pé tẹ́ ẹ bá ti rìn fún wákàtí mẹ́ta-mẹ́rin, ẹsẹ̀ á wú. Ẹ lọ rà á nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fi gbogbo ọjọ́ dúró, kẹ́ ẹ sì wọ ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi rìn gan-an lọ síbẹ̀. Láti Sarria, ọ̀nà oko ni, ọ̀dà díẹ̀, òkúta díẹ̀, ẹ ò nílò búùtù ológun tó ga dé ojúgun, bàtà ìrìn tó rọ̀ tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì gbá ilẹ̀ mú ti tó. Ẹ wọ̀ ọ́ nílé fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èmi, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án ká lọ ni mo ra tèmi, ẹni tó tà á fún mi ní kò nílò kéèyàn ti wọ̀ ọ́ mọ́ra tẹ́lẹ̀, mo gbà á gbọ́ torí pé ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kìíní, níbi tá a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú Portomarín, àtàǹpàkò mi méjèèjì ti ń gbá iwájú bàtà ní gbogbo ìṣísẹ̀, èékánná ọ̀kan dúdú títí di ìsinsìnyí.

Ìyá kan tó wá láti Kòríà, tá a jọ wà nílé èrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. A ò gbọ́ èdè ara wa, ó kàn kúnlẹ̀ síwájú mi ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ẹ wo ihò méjì tó wà lókè pátápátá lára bàtà ìrìn, tá a kì í sábà lò. Okùn apá ọ̀tún, ẹ tì í bọ ihò tó ṣẹ́kù lápá ọ̀tún kan náà láti ìta wá sínú, ẹ má fà á tán, ẹ jẹ́ kó ṣe bí etí kékeré. Ẹ ṣe tòsì bẹ́ẹ̀. Ẹ wá mú okùn òsì gba inú etí ọ̀tún, ẹ mú okùn ọ̀tún gba inú etí òsì, kẹ́ ẹ fà á wá sísàlẹ̀ kó fún, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá so ó bẹ́ ẹ ṣe máa ń so ó. Gìgísẹ̀ á jókòó síbi tó yẹ, kò ní máa yọ̀ síwájú tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ló gbé mi dé Santiago.

Ìbọ̀sẹ̀ òwú ò dáa, ó máa ń mu òógùn dúró sára, èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn ṣe ni kẹ́ ẹ rà, mẹ́ta tó. Ẹ̀gbọ́n mi mú òrí dání nínú ike kékeré, láràárọ̀ kó tó wọ ìbọ̀sẹ̀ á fi ra gbogbo àárín ọmọ-ìka, gìgísẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, á jókòó ṣe é bí ẹni ń kunra fọ́mọ tuntun, kò kánjú rárá. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lé ròrò kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá di ọ̀sán, á bọ́ ìbọ̀sẹ̀ àárọ̀, á fi píìnì gbé e kọ́ ẹ̀yìn bàgì kó gbẹ, á wọ òmíràn.

Tẹ́ ẹ bá wá ń rìn tí ibì kan lẹ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín bí ata, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ jẹ́ ká dé abúlé tó wà níwájú yẹn ná. Ẹ jókòó sórí òkúta, ẹ bọ́ bàtà, ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, ẹ lẹ pílásítà tó fẹ̀ mọ́ ọn, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Tó bá ti lé ròrò ńkọ́? Tó bá kéré tí kò dùn yín, ẹ fi sílẹ̀, ẹ bò ó. Tó bá tóbi tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ lè tẹlẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ ti fi oògùn apakòkòrò nù dá ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ rọra tẹ omi ẹ̀ jáde, àmọ́ ẹ má bó awọ ẹ̀ o, awọ yẹn ló ń dáàbò bo ojú egbò, ẹ fi oògùn sí i kẹ́ ẹ sì dì í. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà ò gbọ́dọ̀ ṣe é fúnra ẹ̀, kó lọ bá àwọn olóògùn, gbogbo ìlú tó bá tóbi díẹ̀ lójú ọ̀nà ló ní farmacia, àgbélébùú aláwọ̀ ewé ló máa wà níwájú ẹ̀.

Ti ẹrù, òfin tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé kó má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara yín. Ẹni tó bá wọn kílò 70, kílò 7 ni, omi wà nínú ẹ̀. A gbé bàgì wa sórí ìwọ̀n nílé, tèmi fi díẹ̀ lé ní kílò mẹ́sàn-án, mo kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Aṣọ méjì, èyí tó wà lọ́rùn àti èyí tẹ́ ẹ máa fi pààrọ̀, torí alaalẹ́ lẹ máa fọ̀ ọ́. Sílípáàsì fún ilé èrò, rénkóòtù, súwẹ́tà fẹ́ẹ́rẹ́ kan, àpò ìsùn tó fúyẹ́, táwẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ, tọ́ọ̀ṣì, ṣájà, oògùn yín, fìlà. Bíbélì wà lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbé èyí tó nípọn tó ti ń lò látìgbà tó ṣègbéyàwó, a sọ ọ́ títí, ó wá da ojú ìwé Sáàmù kọ sínú ìwé kékeré kan, èyí ló ń kà lọ́nà. Àtùpà, àìọ́ọ̀nù, gààrì kóńgò méjì, gbogbo ẹ̀ kó dúró nílé. Ata gígún díẹ̀ nìkan ni mo fọwọ́ sí, ẹ sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lórí ìyẹn.

Ẹni tí ẹ̀yìn tàbí orúnkún bá ń yọ lẹ́nu, kó má fi agídí ṣe é. Àwọn kan wà tó ń fi mọ́tò gbé bàgì láti ìlú kan sí ìkejì, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀ tó ń jẹ́ Correos náà ń ṣe é, owó tí ò tó nǹkan ni fún bàgì kan lójúmọ́. Ẹ kàn máa kọ orúkọ ibi tẹ́ ẹ máa sùn mọ́ ọn lára, ẹ fi sílẹ̀ láàárọ̀, ẹ bá a níbẹ̀. Ilé èrò ìjọba kì í gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ o, aládàáni nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi lò ó lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta, kò sì dín nǹkan kan kù nínú ìrìn ẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nílé láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí kan, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ́ ẹ rin kìlómítà 15 sí 20 lọ́jọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ tún rin òmíràn lọ́jọ́ kejì, tẹ̀yin ti bàgì. Ọjọ́ kejì yẹn ló ṣe pàtàkì, torí rírìn kìlómítà 20 ò le, rírìn ẹ̀ nígbà tí ti àná ṣì ń dunni ló le. Àwọn tó wà ní Nàìjíríà, ẹ jí rìn láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú.

Sarria, ìwé, àti ọfà

Àwa wọkọ̀ òfuurufú dé Madrid, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Santiago, ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta, a wá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Lugo, a pààrọ̀ bọ́ọ̀sì níbẹ̀ lọ sí Sarria. Ẹ sùn ní Sarria, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìrìn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dé.

Ní Sarria lẹ ti máa gba credencial, ìwé pélébé tó ṣeé ká bíi pásípọ́ọ̀tù, yúrò díẹ̀ ni, ẹ lè rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé èrò. Ìwé yìí ni ẹ̀mí ìrìn yín, ó lójú tí wọ́n máa lu òǹtẹ̀ sí, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán òǹtẹ̀ méjì lójúmọ́ kí wọ́n tó fún yín ní Compostela. Ilé èrò, ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí, gbogbo wọn ló ní òǹtẹ̀ tiwọn, òmíràn rẹwà gan-an. Ẹ fi sínú ọ̀rá kí òjò má bà á jẹ́.

Ẹ ò lè sọnù. Ọfà aláwọ̀ ìyeyè ló ń tọ́ èèyàn, wọ́n kùn ún sára igi, ògiri, òkúta, ẹ̀yìn ilé àgbẹ̀. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Elías Valiña, ti abúlé O Cebreiro, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kun ọfà yẹn láwọn ọdún 1980, nígbà tí ọ̀nà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, tí koríko ti bo ibòmíràn. Mo máa ń rántí ẹ̀ nígbàkigbà tá a bá dé oríta. Lẹ́yìn ọfà, òkúta kan wà tó ní àwòrán ìkarahun, iye kìlómítà tó kù wà lára ẹ̀, bó ṣe ń dín kù lẹ máa máa rí i.

Ọjọ́ mẹ́fà

Ọ̀pọ̀ ìwé máa sọ fún yín pé ọjọ́ márùn-ún ni. Ẹ ṣe é ní mẹ́fà, ẹ gbọ́ tèmi. Èyí tí wọ́n ń rìn ní kìlómítà 29 lọ́jọ́ kẹta, láti Palas de Rei dé Arzúa, ẹ gé e sí méjì ní Melide. Ọ̀pọ̀ ẹni tá a rí tó ń tiro lọ́jọ́ kẹrin, ibẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Ọjọ́ kìíní, Sarria dé Portomarín, nǹkan bíi kìlómítà 22. Ẹ gbéra ní bí aago méje, ọ̀nà á kọjá ojú irin, á wá gùnkè wọnú igbó tí igi ẹ̀ ti dàgbà tí gbòǹgbò ẹ̀ sì ti yọ síta bí iṣan. Ẹ rọra gun òkè yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ máa sáré kọjá lára yín, wọ́n á kí yín "Buen Camino", ìyẹn ni ẹ kú ìrìn tiwọn, gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé ló máa kí yín bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn ìyẹn, abúlé kéékèèké ni, ògiri òkúta, màlúù tí wọ́n ń dà kọjá ojú ọ̀nà, ẹ yà fún wọn. Ohun tó mú inú mi dùn jù ni ilé tóóró kan tí wọ́n gbé sórí ẹsẹ̀ òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ní àlàfo kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, hórreo ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó lẹ́ẹ̀kan péré ó ní "àká rèé", mo ní àká kẹ̀, ó ní àká ni, irú èyí tí bàbá wa àgbà kó àgbàdo sí lóko. Òótọ́ ni, àgbàdo ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n gbé òkúta pẹlẹbẹ sí òkè ẹsẹ̀ ẹ̀ kí eku má lè gùn ún.

Nítòsí Ferreiros lẹ máa rí òkúta kìlómítà 100, èrò máa ń tò síbẹ̀ láti ya fọ́tò. Sísọ̀ kalẹ̀ sí Portomarín ló le jù lọ́jọ́ yẹn, ẹ tún okùn bàtà so kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúkúrú. Ẹ máa gba orí afárá gígùn kọjá odò Miño, ẹ wá gun àtẹ̀gùn wọ̀lú. Ìlú àtijọ́ wà lábẹ́ omi yẹn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdídò Belesar láwọn ọdún 1960, omi bo ìlú náà, wọ́n wá tú ṣọ́ọ̀ṣì San Nicolás ní òkúta kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e gòkè, wọ́n tún un tò. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ògiri ẹ̀ dáadáa, ẹ ṣì máa rí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára òkúta kí wọ́n lè mọ èyí tó tẹ̀ lé èyí. Mo fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá rẹ̀ kó ṣì lọ wò ó.

Ọjọ́ kejì dé Palas de Rei, 25, òun ló gùn jù, òkè ẹ̀ pọ̀ láàárọ̀, ẹ tètè gbéra, kò sí nǹkan púpọ̀ láti sọ nípa ẹ̀ ju pé kẹ́ ẹ mú omi tó. Omi ẹ̀rọ ojú ọ̀nà, tẹ́ ẹ bá rí "no potable" lára ẹ̀, ẹ má mu ún.

Ọjọ́ kẹta dé Melide, 15 péré, ẹ máa débẹ̀ lọ́sàn-án. Melide ni wọ́n ti ń se ẹran omi tí wọ́n ń pè ní pulpo, èyí tó lẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Wọ́n máa bọ̀ ọ́ nínú ìkòkò ńlá, wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́wẹ́ sórí àwo pákó, òróró ólífì, iyọ̀ ńlá, ata pupa tí kì í ta lórí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò lè fẹnu kàn án, ó fẹnu kan ọ̀kan, a wá béèrè àwo kejì. Ibí yìí lẹ ti máa yọ ata gígún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ tán síbí. Ilé oúnjẹ máa ń ní oúnjẹ èrò mímọ́, menú del peregrino, àwo méjì, búrẹ́dì, nǹkan mímu, nǹkan dídùn, nǹkan bíi yúrò 12 sí 15. Ẹ béèrè caldo gallego, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún, ó máa mú ara yín bọ̀ sípò. Ìṣòro ibẹ̀ ni aago, láti bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí dé bíi mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ ilé ìdáná máa ń tì, ebi á pa ẹni tí ò mọ̀. Ẹ máa ní búrẹ́dì, wàràkàṣì àti èso nínú bàgì.

Ti sísùn náà, ilé èrò ìjọba Galicia wà ní gbogbo ìlú yìí, nǹkan bíi yúrò 10, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń fún, nǹkan bí aago kan ọ̀sán ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, alẹ́ kan péré lẹ lè sùn. Aládàáni wọ́n jù ú lọ díẹ̀ àmọ́ ẹ lè búùkù ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì alágbèékà ni, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní àgbàlagbà lẹ́yìn ẹ tètè béèrè tìsàlẹ̀. Bàtà kì í wọ yàrá, ibì kan wà tí wọ́n ń tò ó sí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ra nǹkan ìdíletí, torí ẹni 20 nínú yàrá kan, ẹnì kan á hanrun. Kẹ́ ẹ tó tẹ́ àpò ìsùn, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo etí mátíràsì fún ìdun, tẹ́ ẹ bá rí àmì dúdú wẹ́wẹ́, ẹ pe onílé kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ ibùsùn. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Àwa obìnrin méjì rìn ín láìsí wàhálà, àmọ́ a kì í gbéra kílẹ̀ tó mọ́.

Ọjọ́ kẹrin dé Arzúa, 14, sọ̀ kalẹ̀ gòkè sọ̀ kalẹ̀ gòkè. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ní Ribadiso, afárá àtijọ́ kan wà lórí odò Iso, omi ẹ̀ tutù bí yìnyín, ẹ bọ́ bàtà kẹ́ ẹ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ nù ún gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀ padà. Ọjọ́ karùn-ún dé O Pedrouzo, 19, inú igbó eucalyptus lẹ máa wà púpọ̀, òórùn ẹ̀ dà bíi Robb tí wọ́n fi ń ra wá lágbárí nígbà tá a wà ní kékeré.

Ọjọ́ kẹfà, 20. Ọ̀nà á yí ẹ́ápọ́ọ̀tù ká, á kọjá Lavacolla, níbi táwọn èrò àtijọ́ ti máa ń wẹ̀ kí wọ́n tó wọ ìlú mímọ́, á wá gun Monte do Gozo, òkè ayọ̀ nìyẹn, látibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ rí òkè ilé ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ó ṣì tó bíi kìlómítà márùn-ún sí ibẹ̀ o, inú ìgboro sì ni, ẹ má lo gbogbo okun yín tán lórí òkè yẹn.

Tẹ́ ẹ bá dé

Gbàgede Obradoiro lẹ máa bọ́ sí, níwájú kàtídírà. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé bàgì ńlá wọlé, ẹ kọ́kọ́ lọ gbé e sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ sùn. Ọ́fíìsì àwọn èrò wà ní Rúa das Carretas, kò jìnnà, ẹ fi fóònù forúkọ sílẹ̀, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà, ẹ dúró, ẹ gbé credencial yín fún wọn, wọ́n á ka òǹtẹ̀ ẹ̀, wọ́n á bi yín bóyá nítorí ìgbàgbọ́ lẹ ṣe rìn. Ọ̀fẹ́ ni Compostela. Èdè Látìn ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n sì máa ń gbìyànjú láti yí orúkọ èèyàn sí Látìn, tiwa ò ní ẹ̀dà ní Látìn, bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n kọ ọ́. Ẹ ra ike gígùn tí wọ́n ń ká a sí, kó má baà rún.

Ìsìn àwọn èrò máa ń wáyé ní aago méjìlá ọ̀sán àti méje ààbọ̀ alẹ́, ẹ débẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú kẹ́ ẹ tó lè ríbi jókòó. Àwo tùràrí ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Botafumeiro, ó tó kílò 53, ọkùnrin mẹ́jọ ló ń fi okùn fà á tó fi ń fò láti apá kan ṣọ́ọ̀ṣì dé ìkejì. Kì í ṣe ojoojúmọ́ o, ọjọ́ àjọ̀dún ni, tàbí tẹ́nì kan bá sanwó ẹ̀. Àwa ò bá a pàdé. A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ pẹpẹ níbi tí pósí Jákọ́bù wà, a kúnlẹ̀, a dárúkọ àwọn tó ní ká dárúkọ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tó fi tán.

Nígbà tá a jáde, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ lórí òkúta gbàgede náà bíi ti gbogbo èrò yòókù, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó yọ ike òrí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa ẹsẹ̀. Ó ní, "Èyí tó ń gba Pọ́túgàl wá yẹn, níbo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?" Mo ní Tui ni, létí ààlà, òun náà lé ní 100 kìlómítà. Ó ní kí n lọ wo ọjọ́ tí mo máa gba lífù lọ́dún tó ń bọ̀.